Igi Baba Kì í Ṣe Owó Ọdún Kan



Ọ̀pọ̀ baba ló fi oko tẹ́ẹ̀kì sílẹ̀ fún ọmọ. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn ọmọ á ti ránṣẹ́ pe agégẹdú. Ẹ jẹ́ kí a wo bí wọ́n ti ń ṣe é ní ilẹ̀ Faransé, níbi tí díẹ̀ nínú àwọn ọmọ wa ń gbé.

Lọ́hùn-ún, onílẹ̀ ń san owó orí ilẹ̀ lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n láti 2001, ẹni tó bá gbin igi sílẹ̀ rẹ̀, tó sì sọ fún àwọn agbowó-orí, kì í san owó yìí fún 10 ọdún bó bá jẹ́ pópúlárì, 30 ọdún bó bá jẹ́ páìnì àti irú rẹ̀, 50 ọdún bó bá jẹ́ óákù àti irú rẹ̀.

Kí ló dé? Àgbàdo ń mówó wá kí ọdún tó yí. Óákù lè gbà ju 100 ọdún lọ kó tó di pákó gidi. Bí a bá ń béèrè owó lọ́dọọdún lórí igi tí kò tí ì mú nǹkan wá, ayùn ni onílẹ̀ yóò gbé.

Àánú náà ní àdéhùn nínú. Òfin 1959 gbà pé, bí onígbó bá kú, kí a má ka ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin iye igbó náà mọ́ owó orí ogún. Ṣùgbọ́n àwọn ajogún gbọ́dọ̀ ṣèlérí pé àwọn yóò tọ́jú igbó náà dáadáa fún 30 ọdún. Bí wọ́n bá yẹ àdéhùn, ìjọba á padà béèrè owó rẹ̀.

Àwa náà lè ṣe irú èyí nínú ilé. Kí baba tó kú, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: igi wo ni a kò ní gé, títí di ọdún wo? Ta ni yóò máa ro oko, tí yóò máa ṣọ́ iná ọ̀gbẹlẹ̀? Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fún lówó. Kí ẹnikẹ́ni má béèrè ìpín lórí igi tí kò tí ì gbó.

Nínú Lúùkù orí 13, olùtọ́jú ọgbà bẹ̀bẹ̀ fún igi ọ̀pọ̀tọ́ pé kí a fún un ní ọdún kan sí i. Ṣùgbọ́n ó ṣèlérí pé òun yóò walẹ̀ yí i ká, òun yóò sì fi ajílẹ̀ sí i. Sùúrù àti iṣẹ́ ló jọ ń rìn.

Láti 1985, ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ni Ọjọ́ Igi ní Benin. Kó tó tún dé, ẹ pe ìdílé jọ.

Kí Ọlọ́run fún wa ní sùúrù. Àmín.