Ohun tí Ẹ Bá Fi Nu Ológbò, Yóò Lá A

Ẹ̀yin tí ẹ ń sin ajá, ẹ̀yin tí ẹ ń sin ológbò, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Ó kan ẹ̀yin tí ẹ ń tà wọ́n lẹ́bàá títì, ó sì kan ọmọ kékeré tí ẹ ní kó lọ nu ẹsẹ̀ ajá kó tó wọ pálọ̀. Wáìpùsì tí a rà fún ìdí ọmọ, èyí tí a rà fún orí tábìlì, èyí tó wà nínú mọ́tò fún ọwọ́ ara wa, gbogbo rẹ̀ la ti sọ di ohun ìnura fún ẹran ilé. A kì í béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè.

Èèyàn kì í lá ara rẹ̀. Ológbò ń lá tirẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, ahọ́n rẹ̀ sì rí ṣágiṣàgi, ó ń ha ohunkóhun tó bá lẹ̀ mọ́ irun rẹ̀ wọnú ẹnu. Ajá kì í ṣe tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n yóò lá àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, yóò lá ìdí rẹ̀, bó bá ní egbò yóò lá a. Ohun tí a bá fi pa wọ́n lára, inú wọn ló ń lọ. Ojú tí a fi ń wo oúnjẹ ló yẹ ká máa fi wo wáìpùsì tí a fẹ́ fi nù wọ́n.

Ibi tí ewu ti pọ̀ jù ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀: Dettol àti Izal. Ọ̀pọ̀ wa ni kò gbà pé nǹkan mọ́ àyàfi tó bá ń rùn bí ọsibítù. Ẹlòmíràn á kán Dettol sínú omi, á ki aṣọ bọ̀ ọ́, á fi nu ológbò láti orí dé ìrù, inú rẹ̀ á sì dùn pé òun ti pa kòkòrò. Chloroxylenol ló ń pa kòkòrò nínú Dettol olómi, ìdá 4.8 nínú 100. Òróró igi páìnì àti ọtí tún wà níbẹ̀. Òróró yẹn wà lára ohun tó ń mú kí omi funfun bí omi ògì bí a bá kán an sí i. Izal náà, ìdílé kan náà ni wọ́n, ìdílé tí àwọn onímọ̀ ń pè ní phenol. Ẹ̀dọ̀ èèyàn mọ bó ṣe ń tú phenol palẹ̀ kó lè bá ìtọ̀ jáde. Ẹ̀dọ̀ ajá mọ̀ ọ́n ṣe dé àyè kan. Ẹ̀dọ̀ ológbò kò fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ ọ́n rárá, nítorí àbùdá tó yẹ kó máa ṣe iṣẹ́ náà ti bàjẹ́ nínú ìran wọn látayébáyé, kì í sì í ṣe ológbò ilé nìkan, ìran kìnnìún náà bẹ́ẹ̀ ni. Ìdí kan náà nìyí tí Panadol ẹyọ kan fi lè pa ológbò.

Nítorí náà, ohun tó mọ́ lójú tiwa lè di májèlé fún un. Itọ́ á máa dà lẹ́nu rẹ̀, á máa bì, á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ahọ́n àti ètè rẹ̀ lè bó, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ sì lè bàjẹ́. Àwa wá ńkọ́? Aládùúgbò la máa ń fura sí. A ó ní wọ́n ti fún un ní nǹkan jẹ. Èmi kò sọ pé aládùúgbò kì í ṣe burúkú, ṣùgbọ́n kí ẹ tó lọ bá ẹnikẹ́ni jà, ẹ kọ́kọ́ rántí ohun tí ẹ fi nu ilẹ̀ láàárọ̀. Ológbò tó rìn kọjá lórí táìsì tí Izal rẹ̀ kò tíì gbẹ, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni yóò fi ẹnu nù. Bí ẹ kò bá lè ṣe kí ẹ má lo Izal, ẹ fi omi lásán ṣan ilẹ̀ náà lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ sì ti ìlẹ̀kùn yàrá náà títí yóò fi gbẹ.

Jik àti Hypo, tí wọ́n jẹ́ bílíìṣì, ní ẹjọ́ tiwọn. Bí ológbò bá tọ̀ sílẹ̀, ẹ má da Hypo lé ìtọ̀ náà lórí. Ammonia tó wà nínú ìtọ̀ yóò bá Hypo ṣiṣẹ́, èéfín tó máa jáde níbẹ̀ lè ta èèyàn àti ẹran nímú, kó sì ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Omi àti ọṣẹ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lò.

Ká wá bọ́ sórí wáìpùsì gan-an. Láti ìgbà àrùn kòrónà ní ọdún 2020 ni wáìpùsì apakòkòrò ti gba orí káńtà. Ẹ yí pákẹ́ẹ̀tì náà padà, ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀. Orúkọ kan tí ẹ ó máa rí níbẹ̀ ni benzalkonium chloride. Bí ológbò bá lá a, ó lè dá egbò sí ahọ́n rẹ̀, ara rẹ̀ á gbóná, kò ní lè jẹun. Ohun tó sì mú kí èyí ṣòroó mọ̀ ni pé egbò náà lè má hàn títí di wákàtí mélòó kan lẹ́yìn tí ẹ ti nù ún, nígbà tí ẹ ti gbàgbé pé ẹ nu nǹkan kan. Wáìpùsì ọlọ́tí náà kò yẹ wọ́n: ó ń gbẹ awọ ara, ó ń ta ojú egbò, bí ẹran kékeré bá sì lá púpọ̀ nínú rẹ̀, ó lè pa á bí ọtí.

Wáìpùsì ọmọdé ńkọ́? Ẹni tó bá fi ọ̀kan tí kò lóòórùn nu ẹrẹ̀ kúrò lẹ́sẹ̀ ajá lẹ́ẹ̀kan kò dá ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe awọ ajá ni wọ́n ṣe é fún, bẹ́ẹ̀ ni nọ́ńbà NAFDAC tó wà lára rẹ̀ kò sọ pé wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fún ológbò. Bó bá ń ta sánsán, ẹ fi sílẹ̀.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni wáìpùsì tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ewé sí lára. Wọ́n á ya ewé tútù sí i, wọ́n á ní ohun àdánidá ni, àwa náà á sì sanwó lé e. Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá, ta ni kò mọ̀ pé gbogbo ewé kọ́ ni ewé ẹ̀fọ́? Tea tree oil jẹ́ òróró ewé lóòótọ́, òróró ewé náà sì ti rọ ajá àti ológbò lẹ́sẹ̀, ó ti mú ara wọn gbọ̀n, ó ti pa nínú wọn. Bí ẹ bá rí orúkọ yẹn lára ohun tí ẹ fẹ́ rà fún wọn, ẹ dá a padà sórí àtẹ.

Ẹ̀yin tí ẹbí yín ń fi ẹrù ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù tàbí Amẹ́ríkà, ẹ fetí sí èyí dáadáa. Oògùn eégbọn tí wọ́n ṣe fún ajá, ìbáà jẹ́ èyí tí a ń kán sí ẹ̀yìn ọrùn, ìbáà jẹ́ wáìpùsì, permethrin lè wà nínú rẹ̀. Ajá ń fara dà á. Bí ológbò bá kàn án, ara rẹ̀ yóò máa gbọ̀n, gìrì yóò mú un, bí ẹ kò bá sì tètè gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko, ó lè kú. Àwòrán ajá tó wà lára pákẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Bí ajá àti ológbò bá jọ ń sùn nílé yín, ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀ títí oògùn ajá yóò fi gbẹ. Àti wáìpùsì eyín tí wọ́n ṣe fún ọmọ èèyàn: ẹ má fi kan ẹnu ajá, nítorí xylitol (ohun adùn kan) lè wà nínú rẹ̀. Ìwọ̀nba díẹ̀ xylitol máa ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ajá wálẹ̀ lójijì, ó sì lè ba ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn ń kà á, ó ń sọ pé, “Wáìpùsì wo lèmi ń rà? Kẹrosíìnì la fi ń nu tiwa.” Kẹrosíìnì ń sun awọ ara, bí ajá bá sì lá a tó gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ, wàhálà dé. Ẹlòmíràn ń lo ọ́ìlì dúdú tí mẹkáníìkì tú dànù, èyí tó kún fún ẹ̀gbin irin. Sniper burú ju méjèèjì lọ: májèlé kòkòrò oko ni, NAFDAC sì fòfin de títa ìgò kékeré rẹ̀ nínú súpámákẹ́ẹ̀tì àti lórí àtẹ ní ọdún 2019. Síbẹ̀, àwọn kan ṣì ń fi wẹ ajá nítorí eégbọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dáwọ́ rẹ̀ dúró. Bí eégbọn kò bá pọ̀, ẹ fi ẹ̀mú mú un níbi tó ti kan awọ, kí ẹ fà á jáde ṣinṣin. Bó bá pọ̀, owó dókítà ni kẹ́ ẹ wá.

Kí wá ni ká lò? Ohun tí mo gbà gbọ́ kò ní dùn mọ́ àwọn tó ń ta wáìpùsì nínú: lọ́pọ̀ ọjọ́, ẹ kò nílò rẹ̀. Ológbò tí ara rẹ̀ yá ń tọ́jú ara rẹ̀. Fún ẹrẹ̀ ìgbà òjò, fún eruku ọyẹ́, fún ìpin ojú, aṣọ rírọ̀ tó mọ́ àti omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ti tó. Bó bá jẹ́ ojú ni, ẹ nù ún láti kọ̀rọ̀ imú síta, kí ẹ fi apá aṣọ mìíràn nu ojú kejì. Ìdí ni kẹ́ ẹ nù kẹ́yìn. Ẹ má ki ohunkóhun bọ inú ihò etí. Lẹ́yìn náà, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nù wọ́n, pàápàá láàárín ọmọ ìka ẹsẹ̀.

Bó bá sì jẹ́ pé wáìpùsì ni ẹ fẹ́, ẹ ra èyí tó kọ ológbò sí lára bí ológbò bá wà nílé, kì í ṣe ajá nìkan. Kó má lóòórùn, kó má lọ́tí, kó má ní ọ̀kan nínú àwọn orúkọ tí mo ti dá yìí. Èyí tí kò bá kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sí ara pákẹ́ẹ̀tì, ẹ má rà á, bó ti wù kí owó rẹ̀ kéré tó. Ẹ fi nu ibi kékeré kan lára ẹran náà lákọ̀ọ́kọ́, kí ẹ wò ó di ọjọ́ kejì. Wáìpùsì tó ní chlorhexidine wà fún egbò àti awọ tó ń ṣàìsàn, ṣùgbọ́n dókítà ni kó sọ pé kẹ́ ẹ lò ó, kó má sì kan ojú tàbí inú etí. Ẹ má da èyí tí ẹ lò tán sí ṣáláńgá tàbí gọ́tà. Ọ̀rá ló wà nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀, kì í jẹrà bọ̀rọ̀.

Bí ọ̀kan nínú àwọn májèlé wọ̀nyí bá ti kan ẹran yín lára, ẹ fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́ fọ ara ẹran náà, ẹ fi tówẹ́ẹ̀lì wé e kó má bàa lá ara rẹ̀. Ẹ má fi tipátipá mú un bì, nítorí ohun tó jó ọ̀fun nígbà tó ń lọ yóò tún jó o nígbà tó ń bọ̀. Ẹ má sì rọ epo pupa sí i lọ́fun. Mo mọ̀ pé ohun tí àwọn àgbà wa máa ń ṣe nìyẹn, ṣùgbọ́n epo pupa kì í pa májèlé, àwọn májèlé kan tilẹ̀ wà tí epo ń bá gbé wọnú ara kíákíá, bí epo náà bá sì ṣìnà wọ ẹ̀dọ̀fóró, àìsàn á di méjì. Ẹ gbé ẹran náà àti pákẹ́ẹ̀tì tàbí ìgò náà lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko tó bá súnmọ́ yín. Yunifásítì Ìbàdàn àti Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ fún Iṣẹ́ Àgbẹ̀ (FUNAAB) ní Abẹ́òkúta ní ilé ìwòsàn ẹranko tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn dókítà.

Ẹ̀yin òǹtajà, bí oníbàárà bá béèrè ohun tó wà nínú ọjà yín, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀yin òbí, ọmọ tó ń nu ajá ni kẹ́ ẹ ka ìwé yìí sí létí, nítorí òun ni wáìpùsì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú lónìí, ẹ ka ẹ̀yìn pákẹ́ẹ̀tì tó wà nílé yín, kí ẹ sì gbé Dettol àti Izal kúrò níbi tí ọwọ́ ẹni tó ń wẹ ológbò ti lè tó wọn.