Ẹ Yéé Pa Iná Airbag fún Wa

Ẹ̀yin ọmọ wa tó ń ṣe réwáyà, àti ẹ̀yin mẹkáníìkì, ẹ̀yin ni mò ń bá wí lónìí, mi ò sì ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n.

Ọkọ̀ forí gbá ní Amẹ́ríkà, airbag rẹ̀ bẹ́, wọ́n tà á ní gbàǹjo, ó gba Kútọnu tàbí Àpápá wọlé wá. Wọ́n na ara rẹ̀, wọ́n kùn ún, ó ń dán. Ó wá kan ẹ̀yin. Dáṣíbọ́ọ̀dù tó ya, ẹ ní kí wọ́n fi awọ bò ó. Iná tó ń kìlọ̀ kò kú, ẹ mú resistor tí owó rẹ̀ kò tó owó ọ̀sán, ẹ so ó sójú wáyà tí airbag fi sílẹ̀, kí brain box lè gbà pé airbag ṣì wà níbẹ̀. Àwọn kan ò tilẹ̀ ṣe wàhálà tó bẹ́ẹ̀, gílóòbù iná náà ni wọ́n yọ sọnù. Ẹ wá kó kọ́kọ́rọ́ fún ìyá ọlọ́mọ, ẹ ní, "Ó ti dáa, mà." Kí ló dáa níbẹ̀? Owó irọ́ lẹ gbà lọ́wọ́ rẹ̀!

Ẹ mọ iṣẹ́ yìí, ìyẹn ló ń dùn mí. Ẹ mọ̀ pé bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan, airbag ti gbọ́dọ̀ kún kí èèyàn tó ṣẹ́jú. Ẹ mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń bẹ́, kò ṣeé ká padà. Bẹ́líìtì tó fa ara rẹ̀ le lọ́jọ́ náà ti lo agbára rẹ̀ tán, òun náà ní láti kúrò. Brain box airbag ti kọ ìjàǹbá náà sínú, ọ̀pọ̀ nínú wọn lẹ sì gbọ́dọ̀ pààrọ̀. Ẹ yẹ sẹ́ńsọ̀ iwájú wò, ẹ yẹ wáyà pẹlẹbẹ tó ká sábẹ́ sitiárìn wò. Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ tú bátìrì, ẹ dúró ní ìṣẹ́jú bíi mélòó kan, nítorí iná ṣì máa ń kù nínú brain box náà. Ẹ má sì ki tẹ́sítà bọ airbag lójú: iná kékeré inú tẹ́sítà náà lè mú un bẹ́ mọ́ yín lójú.

Àwọn kan á ní àwọn ń ra ti àlòkù ní Ládípọ̀. Inú ọkọ̀ wo ni wọ́n ti tú u? Ṣé ẹ gbọ́ nípa Takata, ilé iṣẹ́ Japan tó ń ṣe airbag, tó kéde lọ́dún 2017 pé òun ò lè san gbèsè òun mọ́? Ẹ̀tù ammonium nitrate inú airbag rẹ̀ ni ooru àti ọ̀rinrin ń bà jẹ́ bí ọdún ti ń gorí ọdún. Tó bá wá bẹ́, agolo irin rẹ̀ á fọ́, èérún irin á fò lu awakọ̀ lọ́rùn àti lójú. Èèyàn kú. Ó lé ní 60 mílíọ̀nù irú rẹ̀ tí Amẹ́ríkà ní kí wọ́n dá padà. Ooru àti ọ̀rinrin Èkó yìí ńkọ́? Ẹ béèrè nọ́ńbà ṣáàsí ọkọ̀ tí wọ́n ti tú airbag náà. Ọ̀fẹ́ ni yíyẹ̀ ẹ́ wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì NHTSA, àjọ tó ń rí sí ààbò ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà.

Ẹ̀yin ọ̀gá tún burú jù. Ọmọ iṣẹ́ ń wò yín, ó gba fírídọ̀mù, ó lọ ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ́kọ̀, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ta ló ń sọ pé, "Ṣá bá mi pa iná yẹn"? Tówó ò bá tíì tó, ẹ jẹ́ kí iná máa tàn, kí gbogbo ẹni tó bá wọlé mọ ohun tó wọ̀. Ìwọ réwáyà, kọ ọ́ sórí rísíìtì gàdàgbà: "Airbag kò sí nínú ọkọ̀ yìí." Kí o sì fọwọ́ sí i.