Ọmọláńgidi Kì í Ṣe Ààbò

Ọ̀rọ̀ yìí ń tini lójú, ṣùgbọ́n ìtìjú kì í wo àtọ̀sí sàn. Àwọn kan ń sọ fún àwọn ọmọ wa pé ẹni tó bá ń bá ọmọláńgidi oníròóbà lò pọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ àrùn. Irọ́ ni!

Ní 1993, Ellen Kleist àti Harald Moi kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn pé ọ̀gá ọkọ̀ apẹja kan ní Greenland kó àtọ̀sí lójú agbami, níbi tí kò sí obìnrin kankan. Ọmọláńgidi ẹnjiníà ọkọ̀ náà ló lò ní ìkọ̀kọ̀. Ẹnjiníà sì ti ní àtọ̀sí. Omi ara tí ẹnì kan fi sílẹ̀ ni ẹnì kejì kó. Bí wọ́n bá ní ẹnì kan ṣoṣo ni yóò máa lò ó, ta ni yóò máa ṣọ́ ohun ìkọ̀kọ̀?

Ẹ̀sìn wa ti fi ọ̀nà hàn: ìgbéyàwó, àti ààwẹ̀ fún ẹni tí apá rẹ̀ kò tíì ká ìyàwó.

Ṣùgbọ́n àwa olùkọ́ àti òbí náà jẹ̀bi. Ọmọ tó ń jẹ̀rora bó bá ń tọ̀, bí a bá fi èébú pàdé rẹ̀, ọ̀dọ̀ alágbo ni yóò sá lọ. Àtọ̀sí tí a fi pamọ́ sì lè dí ọ̀nà ọmọ mọ́ tọkùnrin tobìnrin. Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mú un lọ sí ọsibítù fún àyẹ̀wò. Ìbáwí lè dúró. Àrùn kì í dúró.