Ta Ni Ó Yọ Mòrókò Kúrò Nínú Áfíríkà?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti pẹ́ nínú wa, ṣùgbọ́n òdo tí wọ́n fún ọmọ kan ni ó mú un bọ́ sí wa lẹ́nu.

Ìdíje ìbéèrè àti ìdáhùn ni, láàárín àwọn ilé-ìwé mélòó kan. A wà níbẹ̀ nítorí pé àwọn ọmọ ilé kéwú wa wà lára àwọn tí ń díje. Nígbà tí ó kan ọmọbìnrin kan tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́tàlá lọ, wọ́n bi í pé ìlú wo ní Áfíríkà ni iṣẹ́ amóhùnmáwòrán ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ọmọ náà dìde, ó tún ìbòrí rẹ̀ ṣe, ó ní, "Casablanca ni, sà, ní ilẹ̀ Mòrókò." Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Olùbéèrè mi orí, ó yí sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ọmọkùnrin kan sì dáhùn wàràwàrà pé, "Ìbàdàn ni, WNTV, ọdún 1959." Àtẹ́wọ́ sọ. Wọ́n fún un ní máàkì méjì, wọ́n fún tiwa ní òdo. Nígbà tí ìdíje parí, àáfà tí ó kọ́ ọmọbìnrin náà lọ bá olùbéèrè ní pẹ̀lẹ́. Èsì tí ó mú bọ̀ nìyí: "Àáfà, ọ̀rọ̀ Áfíríkà ni à ń sọ, ẹ̀ ń mú ti àwọn Lárúbáwá wá."

Ọmọ yẹn jàre. Ní ọdún 1954, nígbà tí Mòrókò ṣì wà lábẹ́ àkóso Faransé, ilé-iṣẹ́ aládàáni kan tí wọ́n ń pè ní TELMA bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwòrán àti ohùn jáde ní Casablanca. Kò pẹ́ lórí ìdúró, ní 1955 ó ti kógbá wọlé. Ní oṣù kejìlá ọdún 1956, ilé-iṣẹ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ ìjọba Faransé ṣí òmíràn sí Algiers, olú-ìlú Àlìjéríà. WNTV kò fọhùn títí di ọjọ́ 31, oṣù kẹwàá, ọdún 1959. Kí ẹ fi ìka yín kà á. Ọdún márùn-ún ni Casablanca fi ṣáájú Ìbàdàn, nǹkan bí ọdún mẹ́ta sì ni Algiers fi ṣáájú rẹ̀.

A kò sọ èyí láti bu WNTV kù. Ọmọ Yorùbá ni wá, orí wa a sì máa wú bí a bá rántí Agodi, bí a bá rántí Anike Agbaje-Williams tí ojú rẹ̀ jẹ́ ojú àkọ́kọ́ tí ẹ̀rọ náà gbé jáde, àti Kunle Olasope tí ó kọ́kọ́ ka ìròyìn níbẹ̀. Íjíbítì, ìlú sinimá, ìlú olórin àti òǹkọ̀wé, oṣù keje ọdún 1960 ni tirẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, Ìbàdàn ti ń sọ̀rọ̀ fún odindi oṣù mẹ́jọ nígbà náà. Gánà ti Nkrumah, ọdún 1965 ni. Gúúsù Áfíríkà, pẹ̀lú gbogbo wúrà inú ilẹ̀ rẹ̀, di ọdún 1976 kí ó tó ní i, nítorí pé ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà tí ó wà níbẹ̀ ń bẹ̀rù ohun tí àwòrán lè gbé wọ ilé. Ní gbogbo Áfíríkà tí ó wà ní ìsàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sàhárà, Ìbàdàn ni àkọ́kọ́. Oyè ńlá nìyẹn. Kí ló dé tí kò tó wa?

Nítorí pé kò tó wa, ṣe ni irọ́ náà ń dàgbà. A ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí wọ́n kàwé, a ti gbọ́ ọ lórí pèpéle àpèjọ, pé nígbà tí WNTV bẹ̀rẹ̀, Faransé pàápàá kò tíì ní amóhùnmáwòrán. Áà! Láti 1935 ni Faransé ti ń gbé àwòrán sáfẹ́fẹ́ ní Paris. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1936, BBC bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní London. Bí Faransé kò bá ní i, kí ni ó gbé lọ sí Algiers ní 1956? Ẹni tí ó bá ń sọ irú ọ̀rọ̀ yìí níwájú àlejò, ẹ̀gàn ni ó ń wá fún wa, kì í ṣe ìyìn. Àlejò náà yóò rẹ́rìn-ín, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì sí èyí tí ó jẹ́ òtítọ́ nínú ìtàn wa.

Àwọn kan wà tí wọ́n mọ ìtàn Mòrókò dáadáa, tí wọn yóò sì sọ pé ti òyìnbó ni èyí tí à ń wí yìí, pé kì í ṣe ti ọmọ Áfíríkà. Ọ̀rọ̀ wọn ní orí àti ìdí, a kò ní sáré kọjá lórí rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1953, Faransé yọ Sultan Muhammad Karùn-ún lórí ìtẹ́ àwọn bàbá rẹ̀, wọ́n gbé e lọ sí erékùṣù Corsica, láti ibẹ̀ wọ́n gbé e lọ sí Madagascar. Kò padà sílé títí di oṣù kọkànlá ọdún 1955. Ẹ ṣàkíyèsí i: TELMA dáyé, ó sì kú, ọba onílùú kò sí nílé. Ní Àlìjéríà, ogun òmìnira ti bẹ̀rẹ̀ láti 1954. Ohùn tí ń jáde láti inú àpótí náà ní Algiers, ohùn ẹni tí àwọn ọmọ onílẹ̀ ń bá jà ni. Ìgbà tí òmìnira dé ní 1962 ni àwọn ọmọ Àlìjéríà fi ọwọ́ ara wọn gba ilé-iṣẹ́ náà, ní ọjọ́ 28, oṣù kẹwàá, wọ́n sì ta àsíá wọn sí i. Ọdún 1962 kan náà ni Mòrókò, tí ó ti di òmìnira, dá tirẹ̀ sílẹ̀ lákọ̀tun.

Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ọwọ́ òyìnbó nínú nǹkan ni ó ń pa orúkọ rẹ́, ẹ jẹ́ kí a wo tiwa náà. Ní ọdún 1959, Gẹ̀ẹ́sì ni gómìnà tí ó wà ní Ìbàdàn, àsíá Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ níbẹ̀, ìdajì WNTV gan-an sì jẹ́ ti Overseas Rediffusion, ilé-iṣẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn òmìnira ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tó ra ìpín wọn tán. Ìyàtọ̀ wà, a gbà: ìjọba tí àwọn ènìyàn dìbò yàn ni ó ní ìdajì kejì, àwọn ọmọ wa ni wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ìyàtọ̀ yẹn yangàn, kí ó sọ ọ́ bí ó ṣe rí. Yóò gùn ju ohun tí a lè kọ sára ògiri lọ, ṣùgbọ́n òtítọ́ ni yóò jẹ́. Ohun tí a kò gbà ni kí a máa fi òṣùwọ̀n kan wọn Casablanca, kí a sì fi òmíràn wọn Ìbàdàn.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí ni olùbéèrè ọjọ́ náà sọ. Kò sọ pé ti òyìnbó ni. Ó ní ti àwọn Lárúbáwá ni, pé kì í ṣe Áfíríkà. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dùn wá.

Ẹ wọ ilé kéwú èyíkéyìí ní Ìlọrin, ní Ìbàdàn, ní Ìwó tàbí ní Ẹdẹ, kí ẹ wo ìwé tí àwọn ọmọ kékeré fi ń kọ́ àlùwàlá àti ìrun. Ìwé Al-Akhdari ni. Ọmọ Àlìjéríà ni ẹni tí ó kọ ọ́. Bí ọmọ bá dàgbà díẹ̀, wọn a gbé Risala fún un, iṣẹ́ Ibn Abi Zayd ti Qayrawan ní Tùnísíà. Àwọn tí ń ka Dalail al-Khayrat láti tọrọ ìkẹ́ fún Ànábì, Mòrókò ni Al-Jazuli tí ó ṣà á jọ ti wá. Ṣéù Ahmad Tijani, ẹni tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú àwọn bàbá wa di ọ̀nà rẹ̀ mú, Àlìjéríà ni wọ́n ti bí i, Fez ní Mòrókò ni sàréè rẹ̀ wà. Nígbà tí a bá ń kírun, ará kan náà ni àwa àti wọn. Nígbà tí a bá ń ka ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán, wọ́n di àjèjì! Ta ni ó fa ìlà yẹn? Áfíríkà tí a fi ń ṣeré bọ́ọ̀lù, Mòrókò wà nínú rẹ̀, a sì mọ̀ ọ́n dáadáa bí wọ́n bá ti gbá bọ́ọ̀lù sí wa lójú ilé.

Bí ẹ bá bi wá ní ohun tí WNTV fi jẹ́ iyì fún wa, a ó dá yín lóhùn, kò sì ní í ṣe pẹ̀lú ta ni ó kọ́kọ́ débẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 1953, Anthony Enahoro gbé àbá kalẹ̀ nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Èkó pé kí Nàìjíríà gba ìjọba ara-ẹni ní 1956. Ọ̀rọ̀ náà dìjà. Gómìnà Macpherson bọ́ sórí rédíò ìjọba, ó bu ẹnu àtẹ́ lu àwọn aṣáájú Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ fún gbogbo ayé gbọ́. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní kí wọ́n fún òun náà láyè lórí rédíò kan náà kí òun fèsì. Wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Asọ̀rọ̀mágbèsì ni àwọn àgbà wa ń pe rédíò. Lọ́jọ́ náà, orúkọ ro ọmọ.

Láti inú ìkọ̀sílẹ̀ yẹn ni ìrìn-àjò WNTV ti bẹ̀rẹ̀. Òfin ìlú ti ọdún 1954 ṣí ọ̀nà sílẹ̀ kí ìjọba ẹkùn lè ní ilé-iṣẹ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ tirẹ̀, Ìwọ̀-Oòrùn sì gba ọ̀nà náà. Wọ́n ní àwọn yóò fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé, wọ́n sì gbìyànjú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni eré Alawada ti Moses Olaiya àti eré Duro Ladipo wọ inú ilé àwọn ènìyàn, tí àpótí òyìnbó ń sọ Yorùbá ìjìnlẹ̀ láìtijú. Ẹni tí wọ́n di ẹnu rẹ̀ tí ó lọ wá ẹnu tirẹ̀: kí ni ó ku tí a tún fẹ́ fi kún un?

Bẹ́ẹ̀ ni a kò gbọdọ̀ fi apá kejì pamọ́. Kò pé ọdún mẹ́rin tí WNTV bẹ̀rẹ̀ tí Awólọ́wọ̀ fi wà lẹ́wọ̀n, tí ilé-iṣẹ́ tí òun dá sílẹ̀ sì ń sọ̀rọ̀ fún àwọn tí ń bá a ṣọ̀tá, tí èsì kò sí. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé ní oṣù kẹwàá ọdún 1965, ẹnìkan gbé ìbọn wọ ilé-iṣẹ́ rédíò ní Ìbàdàn, ó fi dandan mú wọn gbé ọ̀rọ̀ mìíràn sáfẹ́fẹ́ dípò ọ̀rọ̀ Olóyè Akíntọ́lá. Wọ́n fẹ̀sùn náà kan Wọlé Ṣóyínká, ilé-ẹjọ́ sì dá a sílẹ̀. Ní 1977, ìjọba ológun fi òfin kó gbogbo amóhùnmáwòrán ẹkùn sábẹ́ NTA. Ẹnu tí a fi ìyà wá di ti ìjọba àpapọ̀, bí ó ti rí ní 1953. Ìtàn tí ó yẹ kí àwọn ọmọ wa mọ̀ nìyí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí ó bá ìpàtẹ́wọ́ mu.

Àwa náà jẹ̀bi o. Nínú ìwé ìròyìn wa yìí, a ti tẹ "WNTV, àkọ́kọ́ ní Áfíríkà" rí, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì. A gbọ́ ọ, ó dùn mọ́ wa, a kọ ọ́. Àwa tí a ní Súrátù Hujurát nílé, tí a mọ ohun tí ó kọ́ wa nípa ìròyìn tí a kò tíì wádìí! A tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ̀yin òǹkàwé. Láti ìsinsìnyí lọ, "àkọ́kọ́ ní ìsàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sàhárà" ni ẹ ó máa kà nínú ìwé yìí, a sì rọ àwọn àáfà wa tí ń ṣe wáàsí lórí rédíò àti amóhùnmáwòrán kí wọ́n bá wa lò ó bẹ́ẹ̀.

Ní ti ìdíje náà, a ti kọ lẹ́tà sí àwọn tí ó ṣètò rẹ̀, a kọ ọdún àti orúkọ ìlú sí i kí wọ́n lè wádìí fúnra wọn. A kò ní kí wọ́n gba ife lọ́wọ́ ilé-ìwé tí ó gbégbá orókè, ohun tí wọ́n kọ́ ọmọkùnrin yẹn ni ó sọ. Máàkì méjì ti ọmọbìnrin wa ni à ń bèèrè, àti kí ẹnìkan tọrọ gáfárà lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú àwọn tí ó fi í rẹ́rìn-ín. Títí di àsìkò tí a ń kọ èyí, wọn kò tíì fèsì.