Òmùwẹ̀ Ní Í Bómi Lọ

Bí ọmọ Májídùn ní Ìkòròdú tàbí ọmọ Ẹ̀pẹ́ bá fò sómi, tó sì pẹ́ kó tó yọrí, kì í pẹ́ tí àgbàlagbà kan létí ọ̀sà á fi mirí, á ní, "Òmùwẹ̀ ní í bómi lọ." Àwọn kan gbà pé òwe ojo ni, pé ṣe ló ń ní ká jókòó sí èbúté. Ẹ jẹ́ ká tún un gbọ́. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀, ibi tí omi ti mọ ọ́n ní kókósẹ̀ ló ń dúró sí. Òmùwẹ̀ ló ń lọ síbi tí omi ti lè gbé èèyàn, ohun tó mọ̀ ló sì mú un débẹ̀. Ìmọ̀ tó gbẹ́kẹ̀ lé gan-an ni òwe yìí ń bá wí.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí ọ̀sà Èkó ti ń fún àwọn ọmọ etí omi níṣẹ́. Awayanrìn á sọ̀kalẹ̀ lórí àkàsọ̀ onígi, á sé èémí, á fi bọ́kẹ́ẹ̀tì bu yanrìn nísàlẹ̀, á tún gòkè, títí ọkọ̀ á fi kún. Irú yanrìn bẹ́ẹ̀ ló wà nínú ògiri ọ̀pọ̀ ilé Èkó. Lónìí, ẹ̀rọ tó ń fa yanrìn ti gba púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà mọ́ wọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n nítòsí Ẹ̀pẹ́, wọ́n ṣí èbúté ńlá Lẹ́kí ní oṣù Kìíní 2023, wọ́n sì ṣí ilé ìfọpo Dangote ní oṣù Karùn-ún ọdún náà. Ìdí ọkọ̀ ojú omi ń fẹ́ fífọ̀, páìpù ìsàlẹ̀ òkun ń fẹ́ yíyẹ̀wò, òpó afárá ń fẹ́ àtúnṣe, irin ń fẹ́ jíjó nínú omi. Iṣẹ́ amòòkùn nìyẹn.

Ọ̀dọ́ tó ti ń mòòkùn láti kékeré lè rò pé òun ti kọ́ṣẹ́ yìí tán. Ibẹ̀ ni òwe wa ti ń dúró dè é. Ọgbọ́n méjì ni ọ̀sà kọ́ ọ: kó sé èémí, kó sì yára yọrí. Nídìí iṣẹ́ tuntun yìí, afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń fi páìpù rọ́bà rán sí i láti òkè, ọgbọ́n méjèèjì sì lè pa á. Bó ṣe ń jìn sí i ni omi ń fún afẹ́fẹ́ tó ń mí pọ̀. Bó bá sé e mọ́ra tó sì ń gòkè, afẹ́fẹ́ náà á wú, á fa ẹ̀dọ̀fóró ya. Bó bá yára jù, nàìtírójìn tó ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á hó bíi míńírà tí wọ́n ṣí lójijì. Ó lè rọ ọ́ lápá lẹ́sẹ̀, ó sì lè gba ẹ̀mí rẹ̀.

Ẹ rántí Harrison Okene, alásè inú ọkọ̀ ojú omi Jascon-4 tó dojú dé nítòsí Escravos ní ọjọ́ 26 oṣù Karùn-ún 2013. Nínú èèyàn 12, òun nìkan ló yè. Ó lo bíi wákàtí 60 nínú afẹ́fẹ́ díẹ̀ tó há sínú ọkọ̀, ní nǹkan bíi mítà 30 nísàlẹ̀, kí àwọn amòòkùn tó wá kó òkú tó bá a láàyè. Wọn kò fà á jáde wéré bí ẹja. Wọ́n dé akoto fún un, wọ́n gbé e sínú yàrá irin tí wọ́n ti ń dín ìfúnpọ̀ afẹ́fẹ́ kù díẹ̀díẹ̀, ó sì wà níbẹ̀ fún bí ọjọ́ méjì. Nígbà tó yá, Okene fúnra rẹ̀ lọ kọ́ṣẹ́ amòòkùn, ó sì gbàwé ẹ̀rí.

Ìpele wà nínú iṣẹ́ náà. Ọ̀pọ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lókè, wọ́n ń di okùn àti páìpù ẹlòmíì mú. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ń wọ omi pẹ̀lú afẹ́fẹ́ lásán, èyí tí IMCA, àjọ àgbáyé àwọn agbaṣẹ́ṣe ojú òkun, kò fẹ́ kó kọjá mítà 50. Àwọn tó ń lọ jìn jù bẹ́ẹ̀ ń gbé inú yàrá irin, ó sì lè tó ọjọ́ 28, kí ìfúnpọ̀ tó wà lára wọn má bàa máa gòkè-sọ̀kalẹ̀ lójoojúmọ́. Àwọn kan kì í wọ omi rárá: ẹni tó ń ṣọ́ yàrá irin wà níbẹ̀, ẹni tó ń tún ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ṣe náà wà níbẹ̀. Ajórin tó kọ́ mímòòkùn sì níyì ju òmùwẹ̀ tí kò ní iṣẹ́ ọwọ́ kankan, torí iṣẹ́ ni wọ́n ń bá lọ sísàlẹ̀. Omi kàn jẹ́ ọ̀nà tó dé ìdí iṣẹ́ ni.

Nítorí náà, bí ọmọ bá wálé tó ní wọ́n fẹ́ gba òun síṣẹ́ abẹ́ omi, kí òbí má bi í bó ṣe mọ̀ ọ́n wẹ̀ tó. Kó bi í pé: ta ló máa di okùn rẹ mú? Ta ló máa ti wọṣọ amòòkùn tán, táá jókòó sókè láti wá ọ bó o bá pẹ́? Yàrá irin wọn dà? Bí ọmọ kò bá rí èsì fọ̀ sí i, kó ṣì máa bá àwọ̀n baba rẹ̀ lọ ná.