Jin Kì í Ṣe Idán

Ó dájú pé ẹ ti rí irú fídíò yìí rí. Ọ̀gá tai chi kan, irùngbọ̀n funfun, aṣọ ṣẹ́dà, na ọwọ́ síwájú láì fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni. Ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ mẹ́fà tó tò lẹ́yìn ara wọn á fò sẹ́yìn bí ẹni tí iná NEPA gbé, wọ́n á sì ṣubú gbàlàjà. Apá kan nínú wa á pariwo pé agbára ń bẹ. Apá kejì á rẹ́rìn-ín pé irọ́ pátápátá ni tai chi, ijó àwọn arúgbó. Ẹjọ́ kan náà ni mo ní bá apá méjèèjì: wọ́n jọ gbà pé ohun tó wà nínú fídíò yẹn ni tai chi. Òun kọ́ o.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi orúkọ bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni irọ́ ti ráyè wọlé. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé "chi" tó wà nínú "tai chi" ni qi, èyí tí wọ́n ń túmọ̀ sí agbára àìrí. Rárá. Ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, bí wọ́n ṣe ń fi lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì kọ wọ́n láyé àtijọ́ ló mú wọn jọra. Taijiquan ni orúkọ iṣẹ́ náà lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́. Taiji jẹ́ èrò àtijọ́ nípa bí líle àti rírọ̀, òkùnkùn àti ìmọ́lẹ̀, ṣe ń yí padà di ara wọn. Quan sì ni ẹ̀ṣẹ́. Ẹ̀ṣẹ́ tí à ń dì, tí à ń fi jà. Qi fúnra ẹ̀ kò sì ṣàjèjì tó bẹ́ẹ̀: èémí ni, afẹ́fẹ́ ni. Ará Ṣáínà tó bá ń sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ á ní tianqi. Tínú bá ń bí i, á ní shengqi. Ọ̀rọ̀ ẹnu ojoojúmọ́ ni, kò sí awo kankan níbẹ̀.

Ohun tí àwọn tó mọ tai chi ń sọ̀rọ̀ lé lórí jù, tí Gẹ̀ẹ́sì wá sọ di "energy", jin ni orúkọ ẹ̀. Wọ́n yà á sọ́tọ̀ kúrò lára li, ìyẹn agbára iṣan lásán, èyí tí màlúù náà ní. Jin ni agbára tó ti gba ẹ̀kọ́. Ẹ wo ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iyán gígún: apá ló fi ń gbé ọmọ odó, apá náà ló fi ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ á ti bó kí iyán tó kúnná. Ẹni tó mọ̀ ọ́n gún ń ti ẹsẹ̀ àti ìbàdí gún un, ọwọ́ ẹ̀ kàn ń darí ni, ọmọ odó ló ń ṣiṣẹ́ fún un. Ẹni àkọ́kọ́ lè lágbára ju ẹnì kejì lọ. Ohun tí ẹnì kejì fi jù ú lọ yẹn ni jin. Ṣé ẹ rí idán kankan níbẹ̀?

Mẹ́jọ ni wọ́n máa ń kà. Peng ni ìyá gbogbo wọn: kí ara kún láì le, bíi bọ́ọ̀lù tí wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ sí dáadáa. Ẹ tẹ̀ ẹ́, kò ní fọ́, kò sì ní bá yín jà. Ẹ kàn máa rí i pé ó ń gbé yín padà. Lü ni kéèyàn gba ohun tó ń bọ̀, kó yí ìbàdí díẹ̀, kí nǹkan náà gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá. Ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ fẹ́ fi èjìká ti ilẹ̀kùn, tí ẹnì kan sì ṣí i látinú ilé lójijì. Ilẹ̀kùn ò lù yín, ẹ̀yin lẹ gbé ara yín ṣubú. Lü nìyẹn. Ji ni kí apá tẹ ẹni náà níbi tóóró kan. An ni kí àtẹ́lẹwọ́ tì í látìsàlẹ̀ wá. Mẹ́rin tó kù ni cai tó ń já èèyàn wálẹ̀, lie tó ń fa òkè síhìn-ín tó ń fa ìsàlẹ̀ sọ́hùn-ún, zhou tí í ṣe ìgúnpá, àti kao tí í ṣe èjìká. Ìgúnpá àti èjìká, ẹ̀yin èèyàn mi! Ta ló ń dúró sókèèrè fi ìgúnpá gún èèyàn?

Ibi tí wọ́n ti ń kọ́ gbogbo èyí gan-an ni ìjà mi wà. Kò sẹ́ni tó lè dá a kọ́. Bí ọ̀bẹ ti wù kó mú tó, kì í gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Àwọn ìṣísẹ̀ jẹ́jẹ́ tí gbogbo ayé mọ̀ mọ tai chi wúlò, wọ́n ń kọ́ ara bó ṣe yẹ kó dúró, wọ́n sì ń gba àgbàlagbà lọ́wọ́ ìṣubú; mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n wọn ò lè sọ fún yín bóyá ẹ ní peng tàbí ẹ ò ní. Ẹlòmíì ló máa sọ ọ́, pẹ̀lú ọwọ́ ẹ̀ lára yín. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní tuishou, ọwọ́ títì: èèyàn méjì kọjú síra, ọrùn ọwọ́ kan ọrùn ọwọ́, wọ́n ń lọ síwájú sẹ́yìn bí ẹni ń lọ ata. Ọ̀kan ń tì, ọ̀kan ń gbà, wọ́n á sì pààrọ̀. Tí ẹ bá fi agbára ko agbára bí àgbò méjì, àṣìṣe ni, ding ni wọ́n ń pè é. Tí ẹ bá sá tí ọwọ́ yín kúrò lára tẹnì kejì, àṣìṣe náà ni, diu nìyẹn.

Ohun tí wọ́n ń wá láàárín àṣìṣe méjèèjì ni tingjin. Ting ni kéèyàn fetí sílẹ̀, kó gbọ́. Àwọn tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ̀wé máa ń ṣàlàyé eléyìí gùn, torí lédè tiwọn, etí ló ń gbọ́ nǹkan. Àwa ò nílò àlàyé. À ń gbọ́ òórùn ọbẹ̀, à ń gbọ́ èdè. Kí ló dé tí awọ ara ò ní gbọ́ ibi tí ìwọ̀n ara ẹlòmíì ń lọ?

Wọ́n máa ń pa ìtàn kan nípa ìdílé Yang, àwọn tó gbé tai chi láti abúlé Chenjiagou dé Beijing ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún. Wọ́n ní ẹyẹ kékeré kan bà sí àtẹ́lẹwọ́ ọ̀gá, kò sì lè fò lọ. Àlọ́ ni lójú tèmi, àmọ́ àlọ́ tó ní làákàyè ni. Ẹyẹ gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ ti nǹkan kó tó gbéra. Gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ tì, ọwọ́ ọ̀gá á ti gbọ́, á sì rọ̀ wálẹ̀ díẹ̀, ẹyẹ ò ní rí ohun tó máa tẹ̀. Ẹ wá wo ohun tí wọ́n fi ẹyẹ yìí dà. Wei Lei, tó ní tai chi tòun, tai chi àrá, gbé àdàbà lé ọwọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n ìjọba Ṣáínà, àdàbà ò fò, wọ́n sì ní agbára inú ló dì í mú. Gbígbọ́ ti kúrò nínú ìtàn, idán ló kù. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2017, òun àti Xu Xiaodong, oníjà MMA, pàdé ní Chengdu. Kò tó ìṣẹ́jú-àáyá 20 tó fi parí. Lọ́dún 2020, Ma Baoguo, ẹni ọdún 69, gorí pèpéle, wọ́n sì lù ú ṣubú lẹ́ẹ̀mẹta láàárín nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú. (Ọdún yẹn kan náà ni UNESCO kọ taijiquan sínú àkójọ àṣà tó yẹ kí aráyé dáàbò bò. Ayé á máa bani ṣàwàdà.)

Gbogbo ayé ń bú irú àwọn ọ̀gá bẹ́ẹ̀. Èmi, ọmọ iṣẹ́ tó ń fò ni mo fẹ́ bú. Ó rò pé ọ̀wọ̀ lòun ń bù fún ọ̀gá tóun bá ṣubú kí ọwọ́ tó kan òun. Olè ló ń jà á. Ó ń gba ohun kan ṣoṣo tí tuishou lè fún ọ̀gá lọ́wọ́ rẹ̀, ìyẹn ìròyìn òtítọ́. Ọ̀gá tí ẹnikẹ́ni ò tì lóòótọ́ fún ogún ọdún, báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀ pé jin òun ti kú? Mo mọ̀ pé ó ṣòro fún àwa náà. Ọwọ́ wo lọmọ Yorùbá fẹ́ gbé ti àgbàlagbà láyà? Ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ yìí, ẹni tó bá kọ̀ láti tì yín lóòótọ́ ló ń rí yín fín.

Ìjọba Ṣáínà náà kó nínú ẹ̀bi yìí. Lọ́dún 1956, àjọ eré ìdárayá wọn gé tai chi kúrú sí ìṣísẹ̀ 24 kí ará ìlú lè rí i ṣe. Ó tàn kálẹ̀ lóòótọ́, ó sì ṣe ara lóore, ṣùgbọ́n àìmọye èèyàn ló kọ́ ọ láì fọwọ́ kan ẹnì kejì rí. Irú wọn ni oníṣọ̀wò agbára àìrí ń wá.

Ẹ̀yin tó ń rẹ́rìn-ín, ẹ dúró ná. Xu Xiaodong fúnra ẹ̀ sọ pé ayédèrú lòun ń bá jà. Ẹni tó bá ti jìjàkadì rí mọ lü, kó má tiẹ̀ mọ orúkọ ẹ̀: ó ti gba ẹni tó sáré bọ̀ mọ́ra, ó yẹ̀, onítọ̀hún sì lọ fẹnu gbálẹ̀. Àwọn tó ń ṣe ìdíje tuishou náà, kí wọ́n má rò pé mo gbàgbé wọn. Mo ti wo púpọ̀ níbẹ̀ tó jẹ́ akọ màlúù méjì ló fi ìwo kọ́ra, ding látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ṣùgbọ́n màlúù yẹn sàn ju ẹni tó ń fò lọ, torí ó kéré tán, ẹni tó ṣubú níbẹ̀, wọ́n tì í ni.

Nítorí náà, tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ní òun ń kọ́ni ní tai chi, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó fọwọ́ kàn yín. Ẹ dúró bí ẹ ṣe máa ń dúró, ẹ má fò, ẹ má sì le gbagidi. Tó bá mọ̀ ọ́n, ẹsẹ̀ yín á ti kúrò nílẹ̀ kí ẹ tó mọ ibi tí títì ti wá. Tí kò bá mọ̀ ọ́n, á ní ara yín ò tíì ṣí, pé kí ẹ san owó ọdún mẹ́ta kí ẹ tó lè gbọ́ agbára òun. Ẹ gba owó yín padà, jàre.