Ẹni Tí Ó Yá Ọbẹ̀, Kí Ó Dárúkọ Ọlọ́bẹ̀

Ìjà kan wà láàárín àwọn ènìyàn tí ó fẹ́ràn láti máa se oúnjẹ Kòríà àti ti Jàpáànì nínú ilé wọn, ìjà náà kò sì fẹ́ parí. Bí ẹnì kan bá sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé òun kò rí doenjang rà, èyíinì ni ẹ̀wà sóyà tí àwọn ará Kòríà sè, tí wọ́n gún, tí wọ́n sì fi pamọ́ sínú omi iyọ̀ títí ó fi ní òórùn àti adùn tirẹ̀, àti pé miso ti Jàpáànì ni òun fi sínú ọbẹ̀ dípò rẹ̀, kíákíá ni àwọn kan yóò figbe ta pé ọbẹ̀ náà kì í ṣe ojúlówó mọ́. Àwọn mìíràn yóò dá wọn lóhùn pé kò sí ẹni tí ó ni oúnjẹ, pé ohun tí ó bá ti dùn ni kí ènìyàn jẹ, kí ó má sì bèèrè ibi tí ó ti wá. Ẹgbẹ́ méjèèjì ni ó ṣìnà. Yíyá ọgbọ́n ìdáná kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ rárá. Ẹ̀ṣẹ̀ ni pé kí ènìyàn yá a tán, kí ó sì bo orúkọ ẹni tí ó ni í mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí sì kan olùkọ́ ju alásè lọ, nítorí pé ojú tí a bá kọ́ ọmọ láti fi wo ìkòkò àjèjì ni yóò fi wo àjèjì fúnra rẹ̀.

Àwọn tí ó kórìíra àyálò ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ dá lóhùn. Bí wọ́n bá gbọ́ Yorùbá ni, òwe tí wọn ìbá pa ni pé àgbàbọ̀ ṣòkòtò kì í bá ni mu, bí kò bá fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣo ni. Òwe náà jẹ́ òótọ́ nípa ṣòkòtò tí a gbé wọ̀ láìtún un rán. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí Kòríà àti Jàpáànì ti ń tún ṣòkòtò àgbàbọ̀ rán. Ta ni ó lè ro kimchi, kábéèjì oníyọ̀ tí wọ́n mú kan, láìro ata pupa mọ́ ọn? Bẹ́ẹ̀ ni ata kì í ṣe ohun ọ̀gbìn Kòríà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ti wá, kò sì kúrò níbẹ̀ títí di ìgbà tí Columbus gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní ọdún 1492. Nígbà tí ọ̀mọ̀wé ará Kòríà kan, Yi Su-gwang, kọ̀wé nípa ata ní ọdún 1614, ó ní láti Jàpáànì ni ó ti dé. Kimchi ti wà ṣáájú rẹ̀. Ní Jàpáànì ẹ̀wẹ̀, tempura, ẹja tàbí ẹ̀fọ́ tí wọ́n rì sínú ìyẹ̀fun pípò kí wọ́n tó dín in, ní ìpilẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn Pọtogí tí wọ́n kọ́kọ́ dé ibẹ̀ ní ọdún 1543. Ọbẹ̀ kọ́rì tí wọ́n ń bù sórí ìrẹsì, tí àwọn ọmọ ilé-ìwé Jàpáànì fẹ́ràn gidigidi, ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni ó ti dé ọ̀dọ̀ wọn láàárín ọdún 1868 sí 1912, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì ti rí i kọ́ ní Íńdíà. Bí a bá ní kí olúkúlùkù dá ohun tí ó yá padà lónìí, ọ̀pọ̀ ilé ní ilẹ̀ méjèèjì ni yóò sùn lébi.

Ibì kan wà tí wọ́n ti jàre díẹ̀. Ẹni tí ó bá fi ohun kan rọ́pò òmíràn láìmọ iṣẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe yóò ba ọbẹ̀ jẹ́. Doenjang ni wọ́n ń jẹ́ kí ó hó pẹ́ lórí iná, adùn rẹ̀ yóò sì máa pọ̀ sí i. Miso ni wọ́n ń pò sínú omi ọbẹ̀ nígbẹ̀yìn, nígbà tí iná ti rọlẹ̀, kí òórùn dídùn rẹ̀ má baà sá lọ. Ilẹ̀ méjèèjì ni ó ń fi ewé inú òkun ká ìrẹsì, ṣùgbọ́n òróró yànmọtí àti iyọ̀ ni Kòríà ń fi sí ìrẹsì gimbap, nígbà tí Jàpáànì ń fi ọtí kíkan, ṣúgà àti iyọ̀ sí ti norimaki. Ẹni tí ó bá mọ ìyàtọ̀ yìí lè fi ọ̀kan dípò èkejì, kí ó sì tún un ṣe bí ó ti yẹ. Ìmọ̀ ni iṣẹ́ náà ń fẹ́, kì í ṣe pé kí a bí alásè sí Seoul.

Ṣùgbọ́n àwọn tí ń wí pé kò sí ẹni tí ó ni oúnjẹ ni ó léwu jù, nítorí pé ọ̀rọ̀ wọn dùn létí. Jàpáànì gba ilẹ̀ Kòríà ní ọdún 1910, ó sì jọba lé e lórí títí di 1945. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ará Kòríà tí ó ń gbé ní Jàpáànì ní àkókò náà, àti àwọn ọmọ wọn lẹ́yìn wọn, ni wọ́n ti fi òórùn ááyù àti kimchi ṣe yẹ̀yẹ́. Síbẹ̀, ní àdúgbò Tsuruhashi ní ìlú Osaka, níbi tí wọ́n pọ̀ sí, wọ́n ń ṣe oúnjẹ wọn, wọ́n sì ń tà á, títí àwọn ará Jàpáànì fúnra wọn fi di oníbàárà. Ǹjẹ́ ó tọ́ kí ẹni tí ó dí imú sí ìkòkò aládùúgbò rẹ̀ lánàá wá wí lónìí, nígbà tí ó ti tọ́ ọ wò, pé ìkòkò náà kò ní olóhun? Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ fi le ní àwọn ọdún 1990, nígbà tí Jàpáànì ń ta irúfẹ́ kimchi kan tí wọn kò mú kan. Ohun tí Kòríà ń béèrè ni pé kí ohun tí kò kan má ṣe jẹ́ orúkọ ohun tí ó kan. Ní ọdún 2001 ni Codex Alimentarius, ìgbìmọ̀ àgbáyé tí ń fi ìlànà lélẹ̀ lórí oúnjẹ, ṣe ìlànà ti kimchi, mímú un kan sì wà nínú rẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń wá àpẹẹrẹ ọmọlúàbí nínú ọ̀rọ̀ yìí, kí ó wo Toshio Kawahara. Ará Jàpáànì ni, ṣùgbọ́n ìlú Busan ní Kòríà ni a bí i sí ní ọdún 1913, níbẹ̀ ni ó sì ti mọ adùn ẹyin ẹja oníyọ̀ tí wọ́n fi ata sí. Lẹ́yìn ogun, ó tẹ̀dó sí Fukuoka, ó tún oúnjẹ náà ṣe kí ó lè bá ẹnu àwọn ará ibẹ̀ mu, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí tà á ní ọdún 1949. Mentaiko ni wọ́n ń pè é, orúkọ tí àwọn ará Kòríà ń pe ẹja náà sì wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí ọjà rẹ̀ tà, kò fi òfin dí ẹnikẹ́ni lọ́nà. Ó kọ́ àwọn tí ó wá bi í léèrè, títí mentaiko fi di ohun tí a mọ̀ mọ́ Fukuoka. Ọkùnrin yìí yá ṣòkòtò, ó tún un rán, ó jẹ́ kí orúkọ olóhun wà lára rẹ̀, ó sì fi han ẹlòmíràn bí a ti ń rán an. Kí ni ó tún kù?

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2013, ní ìpàdé kan náà ní ìlú Baku, UNESCO kọ àṣà oúnjẹ ilẹ̀ méjèèjì sínú ìwé ogún ọmọ aráyé: washoku ti Jàpáànì àti kimjang ti Kòríà. Àwọn kan ti sọ ìwé náà di ọgbà tí wọn yóò fi lé àlejò. Wọn kò ka àkọlé rẹ̀ dáadáa. Ṣíṣe kimchi àti pípín in ni wọ́n kọ sílẹ̀ fún Kòríà. Pípín náà jẹ́ ara ogún.

Kí ni èyí já mọ́ fún olùkọ́ ní Kánò, ní Ẹnúgù tàbí ní Ìbàdàn? Ata tí ọmọ ilé-ìwé ń lọ̀ fún ìyá rẹ̀, Amẹ́ríkà ni ó ti wá gẹ́gẹ́ bí ti Kòríà. Kòkòrò àìfojúrí tí ń sọ ẹ̀wà sóyà di natto ní Jàpáànì, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Bacillus subtilis, òun náà ni ó ń ṣiṣẹ́ nínú irú àwọn Yorùbá àti nínú dàwàdáwà àwọn Haúsá. Ọmọ tí a bá kọ́ ní èyí kì yóò yọ ṣùtì sí òórùn natto, kì yóò sì tijú irú ilé wọn. Nítorí náà, kò tó kí olùkọ́ kọ èròjà oúnjẹ àjèjì sójú pátákó, kí ó sì ní kí wọ́n dà á kọ. Kí ó dárúkọ ilẹ̀ tí ó ti wá. Kí ó ṣàlàyé iṣẹ́ tí èròjà kọ̀ọ̀kan ń ṣe. Kí ó sì sọ gbangba ohun tí òun fi rọ́pò ohun tí kò sí lọ́jà, àti ìdí rẹ̀. Ẹni tí ó bá ní àkókò kò sí fún èyí, kí ó rántí pé ìṣẹ́jú kan tó láti dárúkọ.

Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ẹni tí ó kọ́ ọbẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn ti gba oore. Orúkọ ọlọ́bẹ̀ ni ọpẹ́ rẹ̀.